Obìnrin Tó Kọ́ Ẹ̀rọ Láti Ka Kékeré Ṣáájú Ńlá

Bí ẹ bá dé àfonífojì wa lókè ìlú Tolmin, tí ẹ sì béèrè Milojka Perhavec, wọ́n á bi yín pé ṣé ti oyin lẹ ń wí ni àbí ti ẹ̀rọ. Ẹnìkan náà ni. Oyin ló ń sìn báyìí, ṣùgbọ́n lásìkò tí mo fẹ́ sọ yìí, òun ló ń kọ àṣẹ sínú ọpọlọ ẹ̀rọ, èyí tí ẹ̀rọ á fi mọ ìgbà tó yẹ kó rìn àti ìgbà tó yẹ kó dúró. Ọpẹ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni, èmi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni pè mí lólè. Ohun tí wọ́n ti pè mí nígbà kan rí ti tó mi.

Ọmọ ọlọ́lọ ni Milojka. Bàbá rẹ̀ ni ó ní ilé tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo létí odò, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ ní ònkà lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń sọ àpò ìyẹ̀fun sórí ọmọlanke. Ó lọ kàwé ní Ljubljana, olú ìlú ilẹ̀ yìí. Gbogbo èèyàn rò pé ibẹ̀ ló máa jókòó sí, kó máa fi aṣọ tó dáa jẹ ayé ìlú ńlá. Ó padà wálé. Òun àti Ludvik àbúrò rẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ aránṣọ kan tó ti kógbá sílé, wọ́n sì sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Ludvik ló ń bá àwọn tó fẹ́ ra nǹkan sọ̀rọ̀, torí ẹnu rẹ̀ dùn. Milojka ló ń ṣe iṣẹ́ gan-an.

Obìnrin gíga ni, jákẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ tó ti kú ló sì máa ń wọ̀ yípo ọdún. Kì í fi òkèlè sẹ́nu sọ̀rọ̀. Tí agogo oúnjẹ àárọ̀ ibi iṣẹ́ bá lù, tí gbogbo wa bá ń jẹ búrẹ́dì tí a ń pariwo, á jókòó jẹ́jẹ́, á máa bó èso ápù rẹ̀. Bí ẹ bá bi í ní nǹkan, á kọ́kọ́ jẹ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán, á wá ní, "Tún un sọ." Bí ẹ bá tún un sọ tí kò bá ti àkọ́kọ́ mu, ọ̀rọ̀ yín ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwa tá a sún mọ́ ọn máa ń pè é ní Àǹtí Tún-un-sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀. Kò bínú sí i.

Èmi fúnra mi, Olúdáre ni bàbá mi sọ mí. Ẹ̀kọ́ nípa igi àti igbó ló gbé mi wá síbí, láyé ìgbà tí ilẹ̀ yìí àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣì jọ wà lábẹ́ òrùlé orílẹ̀-èdè kan. Mo ní kí wọ́n máa pè mí ní Dáre. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, àṣé Dare wà lọ́dọ̀ tiwọn náà, kò sí abúlé tí kò ní tirẹ̀. Jerica, ẹni tó padà di ìyàwó mi, ní òun ti mọ Dare mẹ́ta ṣáájú mi, pé kò sí èyí tó níláárí nínú wọn, kí n ṣáà gbìyànjú. Mo ń gbìyànjú dòní.

Laz ni abúlé ìyàwó mi, orí òkè ló wà. Podlaz wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò wà láàárín wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí yìnyín bá bò ó, ẹni tí ayé sú ló ń gbà á. Ìdí nìyẹn tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ṣe ọkọ̀ orí okùn: yàrá kékeré kan tó rọ̀ mọ́ okùn irin, tó ń gba èèyàn mẹ́jọ pẹ̀lú agolo wàrà wọn, tó ń gbé wọn gòkè tó sì ń gbé wọn sọ̀. Ṣọ́ọ̀bù Milojka ló ṣe ọpọlọ ọkọ̀ náà. Èmi ni awakọ̀ rẹ̀, bí a bá lè pe ẹni tó jókòó sínú ahéré nísàlẹ̀ ní awakọ̀. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé wà níwájú mi pé kó lọ, pupa wà níbẹ̀ pé kó dúró kíákíá bí ewu bá dé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní Laz nígbà náà tí kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ gbé e délé láti ọsibítù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ìwọ́wé, Ìyá Zofka wọlé pẹ̀lú àgbá wàràkàṣì rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ gbéra. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín nígbà tó ṣàdédé dúró gbàgà. Bíréèkì ló di okùn mú bí ẹni pé ikú wà níwájú. Yàrá náà fì síwá fì sẹ́yìn, Ìyá Zofka ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Èmi ti ń wo gíláàsì ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan kan. Mo tún un gbé, ó sì gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọmọ tí kò ṣe ohun tó burú rí.

Ìjọba ìbílẹ̀ rán ọ̀gbẹ́ni kan wá, Kosmač lórúkọ rẹ̀, pé kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Okùn dáa. Bíréèkì dáa. Ẹ́ńjìnnì dáa. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè mú bíréèkì di okùn mú bẹ́ẹ̀, ìyẹn bọ́tìnnì pupa tó wà níwájú mi. Ó ní bóyá mo sùn, tí mo fi ìgúnpá kàn án. Ìyá Zofka tí ọwọ́ ń ro wá fi tirẹ̀ kún un, ó ní òun gbóòórùn ọtí lára mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò parọ́. Òórùn ọtí wà lára mi lóòótọ́. Orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu, Jerica sì fi ògógóró tí wọ́n fi èso pọn pa á kí n tó jáde, bí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Kò sí ilé kan lókè yìí tí wọn kì í ti í ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ mú ọ, orúnkún kì í jẹ́rìí.

Ọ̀rọ̀ wá di pé ìgbìmọ̀ máa jókòó lọ́jọ́ Ẹtì ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná, wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀mùtí ni mí. Iṣẹ́ kọ́ ló dùn mí jù, orúkọ ni. Àwọn tí mo gbé ọmọ wọn délé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rin òkè kọjá níwájú ilé mi. Ẹni tí kò ní kí mi mọ́ á ṣe bí ẹni ń wo bàtà rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo bú gbogbo wọn lédè Yorùbá láti ojú fèrèsé, kí wọ́n má baà gbọ́.

Ọjọ́rú ni Milojka àti Kosmač wá sí ahéré mi láti tún ọkọ̀ náà dán wò. Wọ́n gbé e láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, wọ́n ní kó máa rá pálá. Ònkà àtijọ́ kan wà lára ògiri mi, ti okùn ẹrù tó wà níbẹ̀ kí tuntun tó dé. Ara àgbá kéékèèké ni nọ́ńbà rẹ̀ wà, wọ́n ń yí bí okùn ṣe ń lọ, wọ́n ń ka mítà. Milojka jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní nígbàkígbà tí òun bá nawọ́ sókè, kí n pe ohun tí mo bá rí lára ògiri, kí n fi ti ọgọ́rùn-ún sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń kà níbí. Kékeré ni wọ́n ń pè ṣáájú ńlá. Mọ́kàndínlógójì tiwa, mẹ́sàn-án-àti-ọgbọ̀n ni tiwọn. Kẹ́nikẹ́ni má fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Ṣebí mẹ́rìnlélógún làwa náà ń pè, mẹ́rin ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu kí ogún tó tẹ̀ lé e. Bí gbogbo èdè wọn ṣe fojú mi rí màbo tó, níbi ònkà ni mo ti sinmi.

Milojka nawọ́. Mo wo ògiri. Mo ní, "Mẹ́sàn-án..." Ikọ́ gbé mi díẹ̀. "...àti ogójì."

Kosmač rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ̀ ò tíì débẹ̀ rárá, pé ẹni tí kò lè ka ohun tó wà níwájú rẹ̀ lójú ọ̀sán gangan ni wọ́n fi ẹ̀mí èèyàn lé lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo ti dìde, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bo ẹnu rẹ̀, nígbà tí Milojka yí àga rẹ̀ padà.

"Dare, fi í sílẹ̀. Tún un sọ fún mi. Èwo lo kọ́kọ́ rí?"

"Mi ò mutí o, Àǹtí. Ohun tí mo rí ni mo pè. Mẹ́sàn-án ni mo rí, mo pè é. Ìgbà tí mo fi máa pe ìkejì, àgbá ti yí, ó ti di ogójì."

"Nígbà tí mẹ́sàn-án wà níbẹ̀, kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

"Ọgbọ̀n."

"Nígbà tí ogójì dé ńkọ́?"

"Òdo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀."

"Á jẹ́ pé mẹ́sàn-án-àti-ogójì ò sí lára ògiri yẹn rí."

"Kò sí níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ojú mi rí méjèèjì."

Mo ti mọ ọn tipẹ́, mi ò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó jáde lọ dúró sínú òtútù láìwọ fìlà. Nígbà tó wọlé, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Àsìkò oúnjẹ la débẹ̀, búrẹ́dì ló sì fi ṣàlàyé fún mi. Ó ní nínú ẹ̀rọ ọkọ̀ wa, ònkà kan wà tó ń ka bí okùn ṣe ń lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ gùn gan-an, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọpọlọ tó ń ka nọ́ńbà yẹn ní tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ kéré. Òkèlè náà ò lè wọ̀ ọ́ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, àfi kó bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ìdajì kékeré lòun ní kó kọ́kọ́ bù, lẹ́yìn náà ìdajì ńlá. Lójoojúmọ́, kò sí wàhálà. Àfi lọ́jọ́ tó bá bu kékeré nígbà tó ti kún dé ẹnu, tí ònkà wá yí kó tó bu ńlá. Kékeré ti àná àti ńlá ti òní ló máa lẹ̀ mọ́ra. Nọ́ńbà tó máa tibẹ̀ jáde á ga ju orí òkè Laz lọ. Ẹ̀rọ á rò pé ọkọ̀ ti kọjá ilé, pé ó ń lọ forí sọ àpáta, ó sì máa di bíréèkì mú. Bó bá fi máa ṣẹ́jú kó tún un kà, ohun gbogbo ti bọ́ sípò. Ìdí nìyẹn tó fi ní kò sí nǹkan kan.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ní kó kọ́kọ́ bu kékeré.

Ó wò mí títí. "Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi láti kà ni."

Ó ní tí òun bá tiẹ̀ yí i padà, kí ńlá ṣáájú, àṣìṣe náà á kàn gba ọ̀nà ibòmíràn yọ ni. Ohun tó yẹ ni kó wo ńlá, kó mú kékeré, kó tún ńlá wò. Bí ńlá kò bá yí padà, ó gbà á. Bó bá ti yí, kó da gbogbo rẹ̀ nù, kó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní àṣé bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe máa ń sọ fún wa pé ká tún un sọ ni. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fún mi ní ìdajì ápù rẹ̀.

Ludvik ti dúró sí ẹnu ọ̀nà látìgbà yẹn. Ìlú kejì fẹ́ gbé ọkọ̀ orí okùn tiwọn fún ṣọ́ọ̀bù náà láti ṣe, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, lédè àfonífojì, bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sáà máa tún un ṣe lónìí, á sì tán síbẹ̀. Kí la tún fẹ́ máa wí níta? Ẹnìkan péré ni. Á ríṣẹ́ míì." Ó gbàgbé pé èdè yẹn ni mo fi ń bá ìyàwó mi jà. Kí n sọ òtítọ́, mo rò pé ó ti tán fún mi, torí àbúrò ẹni ni àbúrò ẹni, èmi sì làlejò. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, a ti ń pa á lówe ká tó bí mi.

Milojka jẹ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán.

"Ludvik, tún un sọ. Kọjú sí Dare kó o tó sọ ọ́."

Ludvik wò mí. Ó jáde lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn àwọn panápaná kún. Alága ní kí n sọ tẹnu mi, mo sọ ohun tí mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo òjò. Milojka wá dìde nínú jákẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀. Ó ní, "Dare ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì pupa. Ẹ̀rọ ló tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀, torí pé ó ka nọ́ńbà tí kò sí. Èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe ń kà."

Ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án-àti-ogójì náà fún wọn. Àwọn àgbà ń gbé e yẹ̀wò lábẹ́nu, mo ń gbọ́ wọn: mẹ́sàn-án, àti ogójì. Ó yé wọn, ṣebí ẹnu tiwọn ni. Kosmač, kí n má parọ́ mọ́ ọn, dìde pé òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, Milojka mú kí ẹ̀rọ ṣe é lójú òun, òun sì gba gbogbo ohun tí òun sọ nípa mi padà. Ìyá Zofka wá béèrè pé ọtí tí òun gbóòórùn rẹ̀ ńkọ́. Jerica ti dìde kí n tó lanu. "Orúnkún rẹ̀ ló mu ún, Ìyá Zofka. Àṣẹ́kù ṣì wà nílé bí orúnkún tiyín bá fẹ́." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Alága bi Milojka bóyá ó mọ̀ pé ìlú kejì máa gbọ́ nípa èyí. Ó ní òun mọ̀. Wọ́n gbọ́ lóòótọ́. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ludvik ò bá a sọ̀rọ̀ jálẹ̀ ìgbà òtútù yẹn, ṣọ́ọ̀bù náà sì ń súnkì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ilé ìtọ́jú àpótí oyin tó dà lónìí. Kò fi ọ̀kankan nínú rẹ̀ ṣèèbú mi rí. Nígbà tí mo gbé wàràkàṣì lọ kí i pé o ṣeun, ó ní òun ò ṣe mí lóore kankan, pé ẹrù tí òun dì lé mi lórí ni òun sọ̀. Mo sọ fún un pé kì í ṣe òun ló máa yan ẹni tí mo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti di ẹrù lé mi lórí nílé ayé yìí. Ẹnìkan ṣoṣo ló padà wá sọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìpàdé náà ni mi ò lè gbàgbé. Milojka ti tún ọpọlọ ẹ̀rọ náà ṣe, wọ́n dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí n gbé ọkọ̀. Àwọn ará Laz àti Podlaz dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú agolo wọn. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ẹ lè dá èèyàn láre ní gbọ̀ngàn, kó rọrùn lẹ́nu yín. Kí ẹ gbé ara yín sí i lọ́wọ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Mo jókòó sínú ahéré mi, mo ń wò wọ́n, wọ́n ń wò mí.

Milojka ṣílẹ̀kùn yàrá náà, ó wọlé. Mo yọrí lójú fèrèsé, mo ní, "Àǹtí, òfin ní òfìfo ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì jókòó.

Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa ṣe nígbà tí Ìyá Zofka jáde láàárín èrò, ọwọ́ rẹ̀ nínú ìdè funfun ọsibítù. Ó ti Milojka pé kó sún, pé àgbà kì í dúró. Ó fa ilẹ̀kùn dé. Ó wá nawọ́ tó dáa sí mi láti inú gíláàsì.

"Dare, rọra o. Ọwọ́ kan ṣoṣo yìí ló kù fún mi."

Mo tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Mo gbé wọn gòkè.